Bọ́ńpà Tí Ìyá Àgbà Fi Wáyà Rán

Ẹni tó bá fẹ́ sọ pé arúgbó kò yẹ nídìí ọkọ̀, kó má sọ ọ́ níwájú mi, nítorí mi ò ní dákẹ́. Gbogbo ohun tí mo mọ̀ nípa ọkọ̀, ọwọ́ arúgbó ni mo ti kọ́ ọ. Ìyá tó bí ìyá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Àgbà, ti lé lọ́gọ́ta ọdún dáadáa kó tó kọ́ ọkọ̀ wíwà. Ọkọ rẹ̀ kú, ọkọ̀ tí àwọn ọmọ rà fún bàbá dúró sílé bí ohun tí kò lólúwa, tòkúnbọ̀ aláwọ̀ aró kan tó gùn lẹ́yìn, tí ẹrù púpọ̀ ń wọ̀. Àwọn ọmọ ní kí wọ́n tà á. Ìyá Àgbà ní, “Ta ló bi yín?” Ó wá ẹni tó kọ́ ọ, ó sì kọ́ ọ títí ó fi mọ̀ ọ́n. Láti ọjọ́ náà, òun fúnra rẹ̀ ló ń wa ọkọ̀ lọ sí oko pákí rẹ̀ ní Odeda, òun ló ń wà á lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, òun ló sì ń fi í gbé àdìrẹ lọ bá àwọn oníbàárà rẹ̀ ní Ìtòkú. Okùn ìko, èyí tí wọ́n fi ń di àdìrẹ oníko, ló so kọ́kọ́rọ́ náà mọ́, tó sì gbé e kọ́ ọrùn. Bó bá wẹ̀, ó wà lọ́rùn rẹ̀. Bó bá sùn, ó wà lọ́rùn rẹ̀. Mo máa ń rò nígbà náà pé wọ́n bí i mọ́ ọn ni.

Ẹsẹ̀ òkè ni ilé wa wà ní Abẹ́òkúta, ó sì ní àpáta ńlá kan tó jókòó sí àárín ọgbà wa. Àwọn tó kọ́ ilé náà bá a níbẹ̀, wọn ò lè gbé e, wọ́n bá kọ́ ilé yí i ká. Orí rẹ̀ la ń sá láfún sí, orí rẹ̀ la ń sá aṣọ sí, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni àwọn àgbà ń jókòó sí bí oòrùn bá ti yí. Bí mo bá dijú báyìí, mo ṣì ń gbọ́ ilé yẹn: ìgbálẹ̀ lórí yanrìn ní kùtùkùtù, ìròyìn láti inú rédíò, agogo ṣọ́ọ̀ṣì, ọmọrí ìkòkò aró tí wọ́n ń ṣí tí wọ́n ń dé, àti ìró igi tí wọ́n fi ń lu aṣọ kó lè máa dán, kùm, kùm, kùm, títí ọ̀sán. Ẹ̀kọ mímu àti àkàrà la ń jẹ láàárọ̀. Lálẹ́, láfún ni, pẹ̀lú ọbẹ̀ ẹ̀gúsí tí ìyá mi máa ń fi ìrù sí ju bó ṣe yẹ lọ. Ìyá mi, òṣìṣẹ́ ìjọba, ni àbíkẹ́yìn Ìyá Àgbà, a sì ń bá a gbé. Bàbá mi ń ṣiṣẹ́ ní Ewékorò, ọ̀sẹ̀ méjìméjì ló ń wálé, àmọ́ àpótí irinṣẹ́ rẹ̀ wà lábẹ́ ibùsùn, ẹ máa rántí rẹ̀.

Iṣẹ́ tèmi nínú ilé náà ni kí n máa lé adìyẹ. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Àdìrẹ ẹlẹ́kọ ni Ìyá Àgbà ń ṣe jù. Láfún ni wọ́n ń sè, wọ́n á fi ìyẹ́ adìyẹ ya iṣẹ́ ọnà sára aṣọ funfun, wọ́n á sá a sórí àpáta kó gbẹ kó tó wọ inú aró. Ibi tí ẹ̀kọ yẹn bá ti bo aṣọ, aró kì í mú un. Adìyẹ kì í jẹ ẹ̀kọ náà nítorí álọ́ọ̀mù, òkúta funfun bí iyọ̀ tí wọ́n ń lọ̀ sí i, ó ń korò lẹ́nu wọn, àmọ́ wọ́n máa ń rìn lórí rẹ̀, ẹsẹ̀ wọn á sì ba gbogbo iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan jẹ́. Nítorí náà, bí mo bá ti dé láti ilé ìwé, igi kékeré kan á bọ́ sí mi lọ́wọ́, ó di “ṣíọ̀, ṣíọ̀” títí ilẹ̀ á fi ṣú. Mo kórìíra iṣẹ́ náà débi pé mo máa ń bá àwọn adìyẹ yẹn jà lójú àlá.

Ọdún tí mo wà ní prámárì márùn-ún ni ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀. Ìyá Àgbà ní ọmọkùnrin kan, àkọ́bí rẹ̀, tó ń gbé Èkó, tí àwa ọmọ ń pè ní Dádì Èkó. Ènìyàn dáadáa ni, àmọ́ bó bá ti wọlé, gbogbo ilé á dúró ṣánṣán bí ẹni pé ìspẹ́kítọ̀ dé. Kò fẹ́ràn kí ìyá rẹ̀ máa wakọ̀ rárá. Nígbà tó wá kí wa lọ́dún tuntun, ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ náà, ó ń yí i ká, kò rí àlébù kankan, ó wá sọ ọ́ létí gbogbo wa pé: “Màmá, mo ti gbọ́ tiyín. Ẹ máa wà á. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí mo bá rí àpá kan ṣoṣo lára ọkọ̀ yìí, mo gba kọ́kọ́rọ́ nìyẹn, mi ò sì ní dá a padà.” Ìyá Àgbà wò ó látòkè délẹ̀, ó ní, “O ṣé, ọmọ mi.” Ìyá mi sọ fún mi lẹ́yìn náà pé bí ìyá wọn bá ti ń dúpẹ́ báyẹn, kí ènìyàn yáa sá ni.

Ọ̀sẹ̀ ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì wa ni, ní Ọjọ́bọ̀. Mo wà níbi iṣẹ́ adìyẹ mi nígbà tí mo gbọ́ ìró ọkọ̀ Ìyá Àgbà tó ń gun òkè bọ̀ láti Odeda. Ó gba ẹnu géètì wọlé, ó ń kọ orin ìkórè, ó yí ọwọ́ ọkọ̀ láti lọ síbi tó máa ń gbé e sí, mo bá gbọ́ gbàù! Orin dúró. Àwọn tó ń lu aṣọ dúró. Adìyẹ pàápàá dákẹ́. Imú ọkọ̀ ti bá àpáta lọ. Ìyá Àgbà sọ̀ kalẹ̀ wẹ́rẹ́, ó tún gèlè rẹ̀ ṣe, ó wá wò ó. Bọ́ńpà iwájú ti là láti igun ọ̀tún dé ibi iná kékeré ìsàlẹ̀, ó fì sílẹ̀ bí ètè tí oyin ta. Ìyá mi sáré jáde, ó gbé ọwọ́ lérí.

“Mo gbé o! Màmá, ṣé kò sóhun tó ṣe yín?”

“Kò sí.”

“Ta ló kọjá níwájú yín? Ṣé ewúrẹ́ ni? Ṣé ọmọ ni?”

“Kò sẹ́ni tó kọjá,” ni Ìyá Àgbà wí. “Àpáta ò rìn wá bá mi. Èmi ni mo rìn bá a.”

Títí dòní, bí mo bá ṣe àṣìṣe níbi iṣẹ́, tí mo fẹ́ máa wá ewúrẹ́ tí mo máa dì í lé lórí, gbólóhùn yẹn ni mo máa ń gbọ́. Àmọ́ lọ́jọ́ náà, ìyá mi ò ráyè ọgbọ́n. Ó ń ka ọjọ́ lórí ìka: Ọjọ́bọ̀, Ẹtì, Àbámẹ́ta, Àìkú. Dádì Èkó ń bọ̀ lọ́jọ́ Àìkú fún ìkórè. Ó ní kí wọ́n pe Múfú, mẹkáníìkì tó wà ní ìsàlẹ̀ òkè, kó wá tú u, kó sì bá wọn wá ẹlòmíì. Ìyá Àgbà fi ẹ̀rín ṣẹ̀fẹ̀. “Múfú kẹ̀? Tí Fẹ́mi ti sọ fún pé bí nǹkan kan bá ṣe ọkọ̀ yìí, kó fóònù òun? Kó tó fọwọ́ kan nọ́ọ̀tì kan, Fẹ́mi á ti wà lójú ọ̀nà. Rárá o. Ọwọ́ ara ẹni la fi ń tún ìwà ara ẹni ṣe. Ilé yìí la ti máa tú u.” Fẹ́mi ni orúkọ Dádì Èkó. Ìyá mi béèrè pé ta ló mọ bọ́ńpà tú nínú ilé obìnrin mẹ́ta. Ìyá Àgbà ní, “Kí ni iṣẹ́ tí mo fi tọ́ ọ? Ṣé kì í ṣe dídì àti títú?”

Mo fẹ́ kí ẹ mọ ohun tó wà nílẹ̀ níbẹ̀, nítorí mo ti gbọ́ tí àwọn kan ń sọ pé nítorí ọkọ̀ lásán. Kì í ṣe ọkọ̀ lásán. Bí wọ́n bá gba kọ́kọ́rọ́ yẹn, ó di kí Ìyá Àgbà máa jókòó sí ẹ̀gbẹ́ àpáta, kó máa dúró de ẹni tó máa gbé e lọ síbi tó bá wu onítọ̀hún, nígbà tó bá wu onítọ̀hún. Mo mọ àwọn ìyá mélòó kan ládùúgbò wa tí wọ́n ń jókòó báyẹn. Ọmọ wọn ń tọ́jú wọn dáadáa. Àga wọn dára. Wọn kì í sì í lọ síbì kankan.

Lọ́jọ́ Ẹtì, bí mo ti dé láti ilé ìwé, mo bá Ìyá Àgbà níwájú ọkọ̀ tó lóṣòó, tó ń wò ó. Kò fọwọ́ kàn án. Ó tó ìdajì wákàtí tó ń wò ó. Ìyá mi, tó purọ́ níbi iṣẹ́ pé orí ń fọ́ òun, dúró lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú àpótí irinṣẹ́ bàbá mi. Ìyá Àgbà wá ní, “Gbogbo ohun tí ọmọ aráyé bá so pọ̀ ló ní ojú okùn. Bí o bá rí ojú okùn, o ò nílò agbára. Ẹni tí kò bá rí i ló ń fà á ya.” Ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Lóòótọ́, ojú okùn àkọ́kọ́ wà níbẹ̀, nọ́ọ̀tì mẹ́rin tó to ara wọn sí òkè bọ́ńpà, pẹ̀lú àwọn kílíìpù oníke tó rí pẹlẹbẹ bíi bọ́tìnnì. Ó fi ẹnu abẹ tó fi ń tú àdìrẹ alábẹ́rẹ́ gbé àárín kílíìpù kan sókè jẹ́jẹ́, ó fà á, ó jáde láìfọ́. Ó yíjú sí ìyá mi, ó ní, “O rí i?”

Kó má baà di pé a ò ní mọ ibi tí èyí tí a tú ti wá, ó ṣe ohun tí mẹkáníìkì kankan ò ní ronú kàn. Ó mú aṣọ funfun àlòkù kan, ó po ẹ̀kọ láfún, ó sì fi ìyẹ́ ya iwájú ọkọ̀ náà sára aṣọ, bó ṣe rí gan-an: iná méjèèjì, ẹnu tó gba atẹ́gùn, ihò táyà lọ́tùn-ún lósì. Bí nọ́ọ̀tì kan bá ti jáde lára ọkọ̀, á tẹ̀ ẹ́ mọ́ inú ẹ̀kọ tútù náà níbi tó bá a mu lára àwòrán. Tòkè lọ sókè, tìsàlẹ̀ lọ sísàlẹ̀. Wọ́n gbé aṣọ náà sórí àpáta. Ó ní, “Àbíkẹ́, ìwọ lolùṣọ́. Má ṣípò.” Mo ní, “Ẹ̀ ẹ́n, mà.”

Ó wá ku àwọn tó fara pamọ́. Ìyá mi rò pé ó ti tán, ó di bọ́ńpà mú níwájú, ó sì fà á tagbáratagbára. Mo gbọ́ kẹ́! Ìyá Àgbà gbá a lọ́wọ́. “Ṣé pákí lò ń fà ni? Ṣé ilẹ̀ Odeda lo wà?” Ó ní kó fi í sílẹ̀. Ó wọ inú ọkọ̀, ó yí ọwọ́ rẹ̀ sí apá kan títí táyà fi ṣẹ́rí, àyè ṣí sílẹ̀ láàárín táyà àti ara ọkọ̀. Ọwọ́ ìyá mi tóbi jù fún ibẹ̀. Ó pè mí. Mo sá wá láti orí àpáta, mo dojú bolẹ̀, mo na ọwọ́ wọ ẹ̀yìn táyà, mo fọwọ́ wá a títí mo fi kan orí ṣúkúrù kan. Mo tú u. Wọ́n yí ọwọ́ ọkọ̀ sódì kejì, mo tún tú tibẹ̀. Èmi! Ẹ̀rọ̀ pẹ̀sẹ̀ ni. Mo jáde pẹ̀lú eruku lójú, mo ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó gba ipò kìíní. Ìyá Àgbà yọ ẹnu wáyà tó lọ sí iná ìsàlẹ̀ kó má baà já, òun di igun kan mú, ìyá mi di ìkejì, wọn ò fà á síwájú mọ́, ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n fà á sí. Ó dún tà-tà-tà láti igun dé igun, bọ́ńpà náà bọ́ sí wọn lọ́wọ́ odindi. Ó fúyẹ́ débi pé ìyá mi bú sẹ́rìn-ín. Ọkọ̀ dúró níbẹ̀ láìní ètè, a rí egungun irin rẹ̀. Mo wò ó títí. Mo gbàgbé pé olùṣọ́ ni mí.

Ariwo adìyẹ ló rán mi létí. Nígbà tí mo yíjú padà, adìyẹ mẹ́fà wà lórí àpáta, kì í ṣe pé wọ́n ń rìn kọjá o, wọ́n ń jẹun ni. Wọ́n ti ṣa gbogbo igun ọ̀tún ọkọ̀ náà jẹ, nọ́ọ̀tì àti kílíìpù ti tú ká sílẹ̀. Mo kígbe. A wá a, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, lórí ìkúnlẹ̀, nínú yanrìn, lábẹ́ ìkòkò aró, títí oòrùn fi wọ̀. A rí gbogbo rẹ̀ àfi kílíìpù kan, ti igun ọ̀tún gan-an, níbi tó ti là. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Mo rò pé èmi ni mo gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ Ìyá Àgbà. Ìyá mi ti gbé ọwọ́ sókè láti gbá mi létí, àmọ́ ìyá rẹ̀ dá a dúró.

“Fi ọmọ náà sílẹ̀. Ta ló po ẹ̀kọ?”

“Ẹ̀yin ni, mà.”

“Álọ́ọ̀mù dà?”

Òun fúnra rẹ̀ kò fi álọ́ọ̀mù sí i. Ó ní nígbà tí aṣọ náà kò kúkú ní wọ inú aró, kí ni òun ń fi álọ́ọ̀mù ṣòfò fún? Ó ti gbé oúnjẹ fún adìyẹ, ó sì tẹ́ aṣọ sí i. Ó jókòó sílẹ̀ lórí yanrìn, ó sì rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́ lójú rẹ̀. “Ogójì ọdún nídìí ẹ̀kọ,” ni ó wí, “kí n wá gbàgbé álọ́ọ̀mù! Bí a ò bá rí àdàn, a ó fi òòbẹ̀ ṣẹbọ.” Ó fa fọ́nrán ìko kan yọ nínú ìdì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó sì fi í pamọ́ sí etí ìró rẹ̀.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ó rán bọ́ńpà. Ó mú kí ìyá mi ki ìṣó bọ inú iná èédú, ó ń fi ìṣó gbígbóná náà lu ihò tín-ín-rín sí etí méjèèjì ibi tó là, òórùn ike tó ń jó gba gbogbo ọgbà. Lẹ́yìn náà ó mú wáyà tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì rán an bó ṣe ń rán àdìrẹ alábẹ́rẹ́, ojú abẹ́rẹ́ kò ju ara wọn lọ, ó ń fà á mọ́ra díẹ̀díẹ̀. A gbé e padà sójú rẹ̀. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ gbá a láti igun dé igun, ó wọlé. Mo dá àwọn ṣúkúrù tèmi padà. Níbi tó yẹ kí kílíìpù tó sọnù wà, ó fi ìko so ó, ìdì kan tí mi ò tíì rí irú rẹ̀ rí. Ìyá mi mú pólíìṣì bàtà wá, ó fẹ́ fi kun ojú ìránṣọ náà kó má hàn, ó tún ní kí wọ́n kọjú ọkọ̀ sí ògiri. Ìyá Àgbà gba pólíìṣì náà, ó jù ú sínú ilé. “Mo jalè ni?” ni ó bi í. Ó wọ ọkọ̀, ó sì kọjú rẹ̀ sí géètì gbangba, kí ẹni tó bá ń wọlé lè kọ́kọ́ rí i.

Ọjọ́ Àìkú pé. Adìyẹ tó ṣáájú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gun orí àpáta ti wà nínú ìkòkò, pẹ̀lú ìrẹsì ọ̀fadà, mi ò sì káàánú rẹ̀. A fi ọkọ̀ sílé, a fẹsẹ̀ rìn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Dádì Èkó ti wà níbẹ̀ ṣáájú wa, ó sì fi ọkọ̀ tirẹ̀ gbé wa délé, òun nínú agbádá funfun tó ń tàn. Kò tíì wọ géètì tán tó ti rí i. Ó rọra sọ̀ kalẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀, ó fọwọ́ tọ ojú wáyà náà láti òkè dé ìsàlẹ̀.

“Màmá, kí lèyí?”

“Mo gbá àpáta. Mo tú u, mo rán an, mo dá a padà. Káàbọ̀. Oúnjẹ ti délẹ̀.”

“Ẹ gbá àpáta.” Ó na ọwọ́. “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kó kọ́kọ́rọ́ wá. A ti sọ ọ́.”

Ìyá mi wo ilẹ̀. Ìyá Àgbà fa kọ́kọ́rọ́ jáde láti inú bùbá rẹ̀, mo rò pé ó ti tán. Ṣùgbọ́n kò bọ́ ọ kúrò lọ́rùn. Ó ní, “Ìwọ lo sọ ọ́, èmi ò sọ nǹkan kan. Ó dáa, gbọ́ tèmi. Ẹni tó bá yẹ kó gba ọkọ̀ lọ́wọ́ mi gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n jù mí lọ. Bọ́ńpà ló wà níwájú rẹ yẹn. Tú u. Bí o bá tú u láìfọ́ ọ, kí wọ́n tó bu oúnjẹ tán, kọ́kọ́rọ́ di tìẹ.”

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ àkọ́bí Ẹ̀gbá, ẹ mọ̀ pé kò ní sọ pé òun ò lè ṣe é. Ó bọ́ agbádá, ó ká ọwọ́ bùbá sókè, ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ó tú àwọn ti òkè, ìyẹn ò le. Ó dojú bolẹ̀, ó tú díẹ̀ nísàlẹ̀, ọ̀rá dúdú kùn ún ní àyà. Ó wá di bọ́ńpà mú, ó fà á. Kò mì. Ó tún fà á. Kò mì. Ó wò ó lọ́tùn-ún, ó wò ó lósì. Àwọn ṣúkúrù tèmi wà lẹ́yìn táyà, táyà náà sì tọ́ gbọnrangandan, kò sí bó ṣe lè rí wọn. Ó gbé ojú sókè, ó rí mi.

“Àbíkẹ́, o wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n tú u?”

“Mo wà níbẹ̀, sà.”

“Wá fi ibi tó kù hàn mí.”

Ọmọ Yorùbá ni mí. Wọ́n ti fi pàṣán kọ́ mi pé bí àgbà bá béèrè ọ̀rọ̀, kí ọmọdé dáhùn. Mo wo ìyá mi, ó ń fi ojú sọ fún mi pé kí n lọ. Mo wo Ìyá Àgbà. Kò wò mí, òkè ló ń wò, kò fẹ́ ràn mí lọ́wọ́ rárá. Mo kúnlẹ̀, kí wọ́n má baà ní mi ò lẹ́kọ̀ọ́, mo ní, “Ẹ má bínú, sà. Mo mọ̀ ọ́n. Mi ò ní sọ.”

“Kí lo wí?”

“Mi ò ní sọ, sà. Kọ́kọ́rọ́ Ìyá Àgbà ni.”

Ìyá mi gbá mi létí, etí náà dún fún ìgbà pípẹ́. Mi ò sunkún. Kò sí ohun tí mo ṣe ní ìgbà èwe mi tí mo fi ń yangàn tó o.

Dádì Èkó dìde dúró, ọwọ́ rẹ̀ dúdú, aṣọ ìkórè rẹ̀ ti bàjẹ́. Mo retí kó jágbe, àmọ́ ohùn tó fi sọ̀rọ̀ kò jọ tirẹ̀. “Màmá, ẹ̀rù ló ń bà mí. Bí fóònù bá ti dún láti Abẹ́òkúta, kí n tó gbé e, mo ti ń rò pé wọ́n fẹ́ ní ọkọ̀ ti ṣe yín báyìí-báyìí. Mi ò lè sùn. Ṣé ẹ̀yin ò mọ̀?”

Ìyá Àgbà sún mọ́ ọn, ó fi etí ìró rẹ̀ nu ọ̀rá lójú ọmọ rẹ̀, bó ti dàgbà tó yẹn. “Mo mọ̀,” ló wí. “Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n ìwọ ni ẹ̀rù ń bà, èmi wá ni kí n jókòó sílé?”

Ìyá Àgbà ní kó dá àwọn nọ́ọ̀tì tó tú padà, òun sì dúró tì í títí ó fi dá wọn padà tán. Lẹ́yìn náà ó ní kó wọ ọkọ̀. Ìyá Àgbà ló wà á lọ sí Odeda àti àbọ̀, ọmọ rẹ̀ jókòó tì í pẹ̀lú aṣọ tó bàjẹ́ lára. Èmi náà wà lẹ́yìn, mo rí i pé ọwọ́ Dádì Èkó di ọwọ́ ilẹ̀kùn mú láti ilé dé oko, láti oko délé. Àmọ́ nígbà tí a padà dé, tí Ìyá Àgbà rọra gbé imú ọkọ̀ kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpáta láìkàn án, mo gbọ́ tó mí kanlẹ̀, ó ní, “Màmá, ẹ mọ̀ ọ́n wà o.” Òun ló jẹ itan adìyẹ náà. Kò béèrè kọ́kọ́rọ́ mọ́.

Ìyá Àgbà wa ọkọ̀ yẹn fún ọdún púpọ̀ sí i. Mo ti jáde ilé ẹ̀kọ́ gíga kó tó di àárọ̀ ọjọ́ kan tó ti Odeda dé, tó pa ọkọ̀, tó sì pẹ́ nínú rẹ̀ kó tó sọ̀ kalẹ̀. Ó kọ ẹ̀yìn sí mi. “Àbíkẹ́, tú èyí fún mi.” Okùn ọrùn rẹ̀ ni. Bí mo ṣe ń tú u, mo ní, “Ìyá Àgbà, ta ló sọ nǹkan kan fún yín?” Ó ní, “Kò sẹ́ni tó sọ nǹkan kan. Ojú mi ò rí ojú ọ̀nà dáadáa mọ́. Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀.” Ó fi kọ́kọ́rọ́ náà sí mi lọ́wọ́, ó sì ní kí n pe Dádì Èkó lórí fóònù kíá. “Fẹ́mi, mo ti gbé kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ o,” ló wí fún un. “Ìwọ kọ́ lo gbà á.” Mo gbọ́ tí ọkùnrin náà ń sunkún ní Èkó, tí ìyá rẹ̀ sì ń tù ú nínú.

Ó ti sùn báyìí, Ìyá Àgbà wa. Lọ́dún tó kọjá, ẹnìkan tó ń ra ọkọ̀ àlòpatì wá sílé, ó ní òun fẹ́ gbé òkú ọkọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpáta. Ọkọ mi ní kó máa gbé e lọ, ó kàn ń gbàyè. Mo ní kó gbé e, àmọ́ bọ́ńpà iwájú kúrò níbẹ̀, mo máa tú u. Mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, mo tú ti òkè. Mo yí ọwọ́ ọkọ̀, mo dojú bolẹ̀ lórí yanrìn yẹn, mo na ọwọ́ wọ ẹ̀yìn táyà láìwò, mo bá àwọn ṣúkúrù mi níbi tí mo fi wọ́n sí. Gbogbo rẹ̀ jáde. Ó ku igun ọ̀tún. Ìko náà ṣì wà níbẹ̀, ó ti dúdú, ó ti gbẹ, ó sì le bí irin. Èmi tí mo ti tú àdìrẹ tí kò níye, mo jókòó ti ìdì yẹn títí ọ̀sán fi pọ́n, mi ò rí ojú okùn rẹ̀. Ẹni tó fẹ́ ra ọkọ̀ mú ọ̀bẹ jáde nínú àpò, ó nà án sí mi, ó ní, “Ẹ gé e, mà, kí n máa lọ.”

Mo dá ọ̀bẹ rẹ̀ padà fún un. Mo dá gbogbo nọ́ọ̀tì padà sójú wọn, lọ́kọ̀ọ̀kan, mo sì ní kó máa lọ, ọkọ̀ kì í ṣe títà mọ́. Ọkọ mi ní orí mi ti ń dàrú. Ó lè máa wí. Ọkọ̀ náà ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpáta, ó kọjú sí géètì.